Dókítà kejì ní ihò kẹrin wà nínú eyín ìyá mi. Ṣé òótọ́ ni, àbí owó ló ń wá?

Ọmọ_Aládìrẹ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ eyín ló gbé mi wá. Ìyá mi ń tajà ní Ìtòkú, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Eyín ńlá àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ló yọ wọ́n lẹ́nu. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú yìí, wọ́n ní root canal ni kí a ṣe, ìyẹn ni kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín kí wọ́n sì dí i, a sì ṣe é. Dókítà fi àwòrán hàn wá: gbòǹgbò méjì, ihò tín-ín-rín mẹ́ta tó gba inú gbòǹgbò kọjá. Ó ní òun ti fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ti dí wọn. A sanwó, a dúpẹ́, a lọ.

Lẹ́yìn Iléyá ni ìrora tún yọjú. Ti tẹ́lẹ̀, omi tútù ló máa ń ta wọ́n jí. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ti rún nǹkan tó le díẹ̀ lápá ibẹ̀, wọ́n á ní "yéè!" Láfún àti ọbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ báyìí, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Kókó kékeré kan yọ sí erìgì wọn níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọyún á jáde, ara á tù wọ́n, ó tún di ọjọ́ mìíràn.

Dókítà mìíràn wo àwòrán yẹn, ó ní ó ṣeé ṣe kí ihò kẹrin wà tí ẹni àkọ́kọ́ kò rí, pé kí a tú iṣẹ́ náà kí a tún un ṣe. Owó tó pè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní irọ́ gbuu ni, pé kò sí dókítà tó máa lọ sí yunifásítì tí kò ní mọ iye ihò tó wà nínú eyín. Màmá ní kí a bá àwọn yọ ọ́ dànù kí àwọn sinmi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Akin_Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n yín ló gbọ́n jù nínú ilé yín. Eyín kan ṣoṣo, ihò mẹ́rin? Bí ẹ bá tún lọ sọ́dọ̀ ẹnì kẹta, á ní mẹ́fà ni. Ẹ yọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Lafẹ́nwá

Ẹ má yọ eyín àgbàlagbà o! Ẹ ra ògùn akokoro lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní gáréèjì níbí, kí Màmá fi yọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ṣe.

Oníṣẹ́_Eyín

Ọmọ Aládìrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí Ìyá. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta níbí. N kò wo ẹnu wọn, torí náà n kò ní sọ pé ihò kẹrin wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ọ̀rọ̀ dókítà kejì kì í ṣe ìtàn ìjàpá.

Eyín tí wọ́n ń sọ yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù nínú àwọn eyín àgbà, nígbà tí ọmọ bá ń lọ sí bí ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn àwọn eyín ọmọdé ló ti máa ń yọ, kò lé eyín kankan kúrò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá fi ń rò pé eyín ọmọdé ni, pé yóò ṣì pààrọ̀. Kò sí ìpààrọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ, kòkòrò sì sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbòǹgbò méjì ló sábà máa ń ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ihò méjì nínú ti iwájú, ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn: mẹ́ta. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́ nílé ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1971, Skidmore àti Bjorndal yẹ inú irú eyín yìí 45 wò, àwọn tí wọ́n ti yọ lẹ́nu èèyàn, ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ihò mẹ́rin. Àwọn kan tilẹ̀ ní méjì péré. Ní 2010, àwọn mìíràn kó ìwádìí 41 pọ̀, eyín tó lé ní 18,000. Bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ihò mẹ́ta, bí ìdá 36 ló ní mẹ́rin, bí ìdá kan sì ní márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí Akin náà tún un kà. Ó lé ní ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Lójú tèmi o, ẹni tó bá ṣí eyín yìí tí kò wá ihò kẹrin kò tíì ṣe tán.

Gbòǹgbò ẹ̀yìn ni ihò ọ̀hún sábà máa ń wà. Gbòǹgbò yẹn fẹ̀ láti ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ìhà ahọ́n. Bí ihò méjì bá wà nínú rẹ̀, ọ̀kan á wà lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, èkejì á wà lápá ahọ́n, àwòrán tí a bá sì yà tààrà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Ìlà kan ni ẹ ó rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agboolé Ẹ̀gbá àtijọ́, ẹ lè dúró lójúde kí ẹ ka ilẹ̀kùn tó bá wù yín. Èyí tó já sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó wọlé ló máa rí i.

Ihò tí wọn kò bá fọ̀, ẹran tó ti kú àti kòkòrò àìfojúrí ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á máa sun jáde ní ìdí gbòǹgbò, egungun tó yí i ká á máa jẹrà, ọyún á wá ọ̀nà gba erìgì jáde. Kókó tí Màmá ń tẹ̀ yẹn jọ ọ́. Kì í ṣe ihò tí wọn kò rí nìkan ló lè fà á ṣá. Eyín lè ti là, ohun tí wọ́n fi dí orí rẹ̀ lè máa jò, wọ́n sì lè má dí ihò dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Ògùn akokoro lè pa ìrora lójú fúngbà díẹ̀, kò lè dé ìdí gbòǹgbò. Ní ti yíyọ, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọmọ Aládìrẹ, ẹ dá mi lóhùn: ṣé wọ́n fi kíráùn, adé líle tó ń bo orí eyín, dé eyín náà lẹ́yìn iṣẹ́ àkọ́kọ́? Ṣé àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n yà? Ṣé eyín náà ń mì?

Ọmọ_Aládìrẹ

Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Kò sí kíráùn. Wọ́n dí orí rẹ̀ ni, wọ́n ní bí a bá lówó kí a padà wá fún kíráùn, a ò sì padà. Eyín kò mì. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa, mo yà á sórí fóònù mi. Ìlà funfun méjì wà nínú gbòǹgbò iwájú, ìlà kan wà nínú ti ẹ̀yìn. Ìlà ti ẹ̀yìn yẹn wà láàárín gbédégbéde, ìdí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń sọ pé kò sí àyè fún òmíràn.

Oníṣẹ́_Eyín

Ẹ má fi àárín gbédégbéde yẹn ṣe ẹ̀rí. Láti ojú kan ṣoṣo ni wọ́n yà á.

Oní_Ẹ́ksíréè

Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n bá Dókítà parí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tún àwòrán mìíràn yà, kí wọ́n gbé orí ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí ìwọ̀n 20 dígírì, kó má ṣe kọjú sí eyín tààrà mọ́. Nǹkan méjì tó ti gbé ara wọn lé lórí á ya ara wọn. Èyí tó wà níhà ahọ́n á sún tẹ̀ lé ẹ̀rọ, èyí tó wà níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sún lọ sódì kejì. Láti 1910 ni Clark ti ṣàlàyé ọgbọ́n yìí, a ṣì ń lò ó lójoojúmọ́.

Nínú àwòrán ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, kí ẹ wo ìlà funfun inú gbòǹgbò ẹ̀yìn. Bí ó bá ṣì wà láàárín gbòǹgbò, ó ṣeé ṣe kí ihò náà jẹ́ ẹyọ kan lóòótọ́. Bí ó bá ti fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìdajì gbòǹgbò kejì sì ṣófo, ẹ bi dókítà pé kí ló wà nínú ìdajì yẹn. Kò wọ́n, kò gba àkókò, ara ìyẹ̀wò lásán ni.

CBCT náà wà, ẹ̀rọ tó ń ya eyín láti gbogbo ọ̀nà, tí wọ́n á máa bù ú wò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń fi ihò tó sápamọ́ hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ìtànṣán rẹ̀ sì ju ti fíìmù kékeré lọ, torí náà kì í ṣe ohun tí a ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwòrán kékeré méjì bá ti fi ọ̀rọ̀ hàn, ẹ fi owó yín pamọ́ fún ìtọ́jú.

Akin_Pánṣẹ́kẹ́

Ó dáa, mo gbà díẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé eyín tèmi náà lè ní ihò mẹ́rin, tí èmi ò mọ̀?

Oníṣẹ́_Eyín

Ó lè ní in. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀, kò sì ní yọ yín lẹ́nu títí kòkòrò fi máa jẹ ẹ́ dénú. Ẹ máa fọ ẹnu yín, àbúrò.

Ọmọ_Ìjẹmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ eyín ni, ọdún ìkọ́ṣẹ́ ni mo wà. Mo mọ nọ́ńbà wọ̀nyí lórí, ìdánwò kò fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni wíwá ihò náà. Eyín àgbàlagbà á ti há nínú, ilẹ̀ inú rẹ̀ á ti kún. Bí mo bá walẹ̀ jù mo lè dá ilẹ̀ eyín lu, bí n kò bá sì walẹ̀ tó, ihò á ṣì wà níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi tí kò ti sí maikirosíkóòpù?

Bàbá_Eyín

Ìbéèrè tó dáa nìyí, ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ní àyè láti kọ̀wé gígùn, ẹ fara dà á fún mi.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni bí o ṣe ṣí orí eyín. Àwọn ìwé àtijọ́ ní kí a ṣí mólà ìsàlẹ̀, eyín ńlá tí a fi ń rún oúnjẹ, ní igun mẹ́ta: igun méjì níwájú, ẹyọ kan lẹ́yìn. Bí o bá ṣí i bẹ́ẹ̀, o ti fi ọwọ́ ara rẹ bo ihò kẹrin mọ́lẹ̀ kí o tó wá a. Ṣí i ní onígun mẹ́rin, kí ẹ̀yìn náà fẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ahọ́n. Kó gbogbo òrùlé inú eyín kúrò, má fi ètè kankan sílẹ̀ tó máa ṣíji bo igun.

Lẹ́yìn náà, fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ́, wá wo ilẹ̀ rẹ̀. Wò ó dáadáa kí o tó gbé irin sí i. Ilẹ̀ inú eyín dúdú díẹ̀ ju ògiri rẹ̀ lọ, ó máa ń rí bí eérú, ògiri sì máa ń funfun. Ibi tí dúdú àti funfun bá ti pàdé, lórí ìlà yẹn gan-an, pàápàá ní àwọn igun rẹ̀, ni ojú ihò máa ń wà. Ojú ihò kì í wà láàárín ilẹ̀, kì í sì í gun ara ògiri. Krasner àti Rankow ló kọ èyí sílẹ̀ ní 2004 lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ilẹ̀ inú eyín 500, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i fúnra rẹ̀. Wàá tún rí ìlà tín-ín-rín tó dúdú tó so ojú ihò kan mọ́ èkejì lórí ilẹ̀ yẹn. Tẹ̀ lé e. Ibi tó bá parí sí ni kí o fi irin ṣónṣó kàn.

Wá fojú inú fa ìlà kan láti iwájú eyín lọ sí ẹ̀yìn, kó gba àárín ilẹ̀ kọjá. Nínú mólà ìsàlẹ̀, ojú ihò tó wà lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èyí tó wà lápá ahọ́n máa ń jìnnà bákan náà sí ìlà yẹn. Bí ojú ihò kan ṣoṣo bá wà lẹ́yìn, orí ìlà yẹn gan-an ló yẹ kó wà, á sì máa gùn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ahọ́n. Bí èyí tí o kọ́kọ́ rí bá ti yà sí apá ahọ́n, lọ sí apá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Fáìlì nọ́ńbà 10, irin tín-ín-rín tí à ń fi fọ inú ihò, ni kí o mú, elésè-àlùkò yẹn, ṣónṣó rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Tẹ ṣónṣó náà díẹ̀, fi í kan ibi tí o fura sí, má tì í. Bí ó bá mú díẹ̀ tí kò fẹ́ kúrò, o ti débẹ̀. Bí o bá sì bu omi sodium hypochlorite sínú eyín, irú èyí tó wà nínú hàípò tí à ń fi fọ aṣọ, jẹ́ kí ó dúró, kí o máa wo ojú rẹ̀. Níbi tí ẹran bá ṣì wà nísàlẹ̀, ìfófòó kéékèèké á máa yọ láti ojúkan náà. Mo ti rí ihò kẹrin lọ́nà yìí nígbà tí iná NEPA ti lọ tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bí o bá rówó, ra awò tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tí à ń dè mọ́ ojú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ìgbádùn lásán ni.

Ní ti ìgbà tí ó yẹ kí o dúró: bí àwọ̀ eérú yẹn bá ń yí padà di funfun bí o ṣe ń walẹ̀, o ti ń ya ọ̀nà. Dúró, ya àwòrán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàdédé yọ láàárín ilẹ̀, dúró kíákíá. Kò sí ìtìjú nínú kí o dí i fún ìgbà díẹ̀ kí o sì fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ẹni tó ní irinṣẹ́ jù ẹ́ lọ.

Ọmọ_Ìjẹmọ̀

Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀mí yín á gùn. Ti gbòǹgbò iwájú ńkọ́? Wọ́n ní ihò kẹta lè wà láàárín méjèèjì níbẹ̀.

Bàbá_Eyín

Ó lè wà. Kòtò tín-ín-rín kan sábà máa ń so ojú ihò méjì ti iwájú pọ̀, inú kòtò yẹn ló máa ń sá sí. Pomeranz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo mólà ìsàlẹ̀ 100 ní 1981, wọ́n bá a nínú 12. Nínú àwọn kan ó dá dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú òmíràn ó lọ dàpọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Nínú òmíràn, kòtò lásán ni. Àwọn tó ń fi maikirosíkóòpù wá a lóde òní ń rí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́ ju àgbàlagbà lọ. Fún obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta, gbòǹgbò ẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Ṣọ́ra níbẹ̀ o. Gbòǹgbò iwájú yẹn tẹ́ láàárín, ògiri rẹ̀ tó kọjú sí gbòǹgbò kejì fẹ́lẹ́, nínú àwọn eyín kan kò tó mìlímítà kan. Ẹni tó bá ń fi ipá gbẹ́ ibẹ̀ á gbẹ́ ẹ já síta. Bí o bá ń fọ̀ ọ́, fi ara ti ìhà iwájú.

O tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ihò méjì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n pàdé nísàlẹ̀, ẹyọ kan sì lè bẹ̀rẹ̀ lókè kó pín sí méjì. Vertucci pín wọn sí oríṣi mẹ́jọ ní 1984. Eyín 2,400 tí wọ́n ti yọ ló lò. Wọ́n á rọ eyín nínú ásíìdì, wọ́n á ta aró sínú ihò rẹ̀, wọ́n á wá fi oògùn sọ ara eyín di ohun tí à ń rí inú rẹ̀ láti ìta, àwọ̀ aró á sì wà níbi gbogbo tí ihò bá gbà. Kòtò, ẹ̀ka, oríta, gbogbo rẹ̀ á hàn.

Ọmọ_Aládìrẹ

Bàbá, mo ka ti aró yẹn fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kí àwọn wá bá yín re eyín ní Ìtòkú.

Tóyìn_Ọbáńtokò

Ẹ jẹ́ kí n bi tèmi náà. Eyín kejì sí ìkẹyìn ni tèmi, dókítà ní ihò mi kò dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ó rí bí lẹ́tà C. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé àìsàn ni?

Bàbá_Eyín

Rárá, bí wọ́n ṣe dá ẹ ni. Mólà kejì ní ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbòǹgbò ń dàgbà, awọ kan wà tó ń ṣètò rẹ̀, tó yẹ kó wọlé láti ìhà méjèèjì kó pàdé láàárín, kó lè pín gbòǹgbò sí méjì. Bí kò bá pàdé, pàápàá níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí níhà ahọ́n, gbòǹgbò á dàpọ̀ di ẹyọ kan, àwọn ihò inú rẹ̀ á sì so mọ́ra wọn yí ká. Cooke àti Cox ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ wa ní 1979. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Ṣáínà àti Kòríà, kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ìtọ́jú rẹ̀ ṣeé ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀, torí àwọn kọ̀rọ̀ wà tí fáìlì kò lè dé. Omi ìfọ̀ ló máa ṣe ìyókù. Bí dókítà rẹ bá ní kí o padà wá kó tó parí, ìdí nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ará Ṣáínà tó wá ṣiṣẹ́ ojú irin lápá ibí wá sọ́dọ̀ mi nígbà náà. Mólà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní gbòǹgbò mẹ́ta. Ẹ̀kẹta kéré, ó wà lẹ́yìn níhà ahọ́n, ó sì tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Radix entomolaris là ń pè é, Carabelli ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1844. Lára àwọn ará ìlà oòrùn Éṣíà, kì í ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n. Lára tiwa, díẹ̀ ni, díẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé kò sí. Mo yẹ eyín òsì rẹ̀ wò, bákan náà ló rí. Ẹni tó bá ní i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìyá_Ìbejì_Lafẹ́nwá

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dára o, mo sì gbọ́ ti ògùn akokoro. Àmọ́ ta ló ní owó tí wọ́n máa fi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì? Eyín kan ni. Wọn kì í sin èèyàn nítorí eyín kan.

Oníṣẹ́_Eyín

Ẹ ní òótọ́, mo sì mọ ọjà ṣe rí lákòókò yìí. Yíyọ kò burú bí ó bá jẹ́ òun ló kù. Bí gbòǹgbò bá ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí tí ara eyín tó kù kò tó ohun tí kíráùn lè dì mú, èmi náà á ní kí a yọ ọ́, n kò ní gba owó lórí òkú eyín. Ṣùgbọ́n eyín tó le, tí kò mì, tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ihò kan ṣoṣo tí wọn kò rí, ìyẹn yàtọ̀. Eyín yìí ni Màmá fi ń rún oúnjẹ jù. Bí ó bá lọ, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa tẹ̀ síwájú, ti òkè á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú àlàfo, owó àtifi eyín mìíràn rọ́pò rẹ̀ sì sábà máa ń ju owó àtitún un ṣe lọ.

Kí ẹ má fọkàn sí ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ẹ ní kí ó fi ìdí rẹ̀ hàn yín lórí àwòrán ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ tí Oní Ẹ́ksíréè sọ. Ẹ bi í bóyá ó máa ń fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn bo ẹnu kí itọ́ má bàa wọ inú eyín, ẹ sì bi í bóyá ó ní awò tí ó fi ń wá ihò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀ka eyín wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba, bẹ́ẹ̀ ni UCH Ìbàdàn náà kò jìnnà.

Kí dókítà àkọ́kọ́ má sì di ọ̀tá yín. Ihò mẹ́ta ló rí, mẹ́ta ló sì dí. Ẹ padà lọ bá a, ẹ fi àwòrán tuntun hàn án. Ó lè bá yín dín owó kù, tàbí kó bá yín kọ̀wé sí ẹni tó jù ú lọ.

Ọmọ_Aládìrẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ní òun á san ìdajì. Ohun kan tó kù: Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo aspirin kékeré lójoojúmọ́. Ṣé kí wọ́n dá a dúró kí a tó lọ?

Oníṣẹ́_Eyín

Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání, kí dókítà rí orúkọ wọn. Kí Màmá lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láàárọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n jẹun yó, torí bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, ètè á kú fún wákàtí díẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan nígbà yẹn kí wọ́n má bàa gé ara wọn jẹ. Ẹ mú àwòrán àtijọ́ lọ, ti orí fóònù yẹn náà tó bí kò bá sí ti gidi. Bí wọ́n bá parí, ẹ ṣe kíráùn ọ̀tẹ̀ yìí, kódà bí ẹ bá ní láti san án díẹ̀díẹ̀. Mólà tí wọ́n ti ṣe root canal fún máa ń tètè là bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lásán.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sì wú kí ọjọ́ náà tó pé, tí wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tàbí tí ibà mú wọn, tí wọn ò lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé wọn lọ lóru ọjọ́ náà.